Iná Abẹ́ Àbàtà

Láti ìgbà tí iná ti lé wọn kúrò ní Ìkòròdú ni imú Sèlíátù kò ti sinmi mọ́. Bí aládùúgbò bá ń sun àgbàdo lẹ́yìnkùlé, á dìde. Bí àwọn obìnrin bá ń dáná epo, á jáde lọ wo ibi tí èéfín wọn ń gbà. Nígbà mìíràn, láàárín oúnjẹ, á gbé òkèlè dúró lọ́wọ́, á yíjú sí ọ̀nà oko, ọkọ rẹ̀ á sì sọ fún un pé, "Jẹun jàre, Ìyá Mùlíkátù. Kò sí nǹkan kan."

Ṣùgbọ́n Bádéjọ fúnra rẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀ tán kó má gbójú sókè wo ọ̀run.

Iná ti kọ́ àwọn méjèèjì lọ́gbọ́n. Oko obì tí Bádéjọ jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀ wà lẹ́yìn Ìtamága, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí koríko sì pọ̀. Ọdẹ kan ló ń fi iná lé ọ̀yà jáde nínú ọyẹ́ ọdún tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́. Iná náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ eré ni iná pápá. Kí Bádéjọ àti Sèlíátù tó ti ọjà dé, àwọn igi obì ti di èédú lóòró, aká àgbàdo ti wó lulẹ̀, ìyá Bádéjọ tí wọ́n fi sílé sì ti kọ̀ láti fi ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó sá. Àwọn ará àdúgbò wọ́ ọ jáde láàyè lóòótọ́, àmọ́ èéfín tó fà sínú kò jẹ́ kó rí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sèlíátù ló mú àbá wá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọmọ àwọn tó bá ọba wọn kúrò ní Èkó láyé àwọn baba ńlá wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Sànúsí, ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Ìdí-Òro, abúlé kan tó wà láàárín Agbówà àti Ẹ̀pẹ́, tí kò jìnnà sí ọ̀sà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sétí omi," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Iná kì í bá omi gbé."

Sànúsí gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gé ilẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ní kí wọ́n máa dáko níbẹ̀ bí ẹni pé baba àwọn ṣì wà láyé. Bádéjọ kọ ebè ẹ̀gẹ́, Sèlíátù ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ etí ọ̀sà, ó ń gbé e lọ sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ padà dé tí wọ́n rí i pé iná ń bá omi gbé dáadáa, pé ìrìn rẹ̀ ló kàn yàtọ̀. Àbàtà ńlá kan wà láàárín oko àti ọ̀sà. Lákòókò òjò, ẹsẹ̀ èèyàn a máa rì síbẹ̀ dé orúnkún. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀, omi rẹ̀ a gbẹ, gbogbo koríko àti gbòǹgbò tó ti jẹrà jọ síbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan a wá di bí igi ìdáná tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà Ìdí-Òro sọ fún wọn pé iná ibẹ̀ mọ̀ ọ́n sá pamọ́. Ó lè kú lójú èèyàn, kó sì máa jẹun lọ lábẹ́ ilẹ̀ láìrú èéfín, títí yóò fi rí afẹ́fẹ́ tí yóò pè é síta. Ní ìkángun àbàtà yìí, lójú omi gan-an, ni Àgọ́ wà, ibùdó àwọn apẹja Ìlàjẹ, tí kò sí ilé kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀pá ògùrọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló sì máa ń ti orí oko Sànúsí gba orí oko Bádéjọ lọ sí Àgọ́ láràárọ̀.

Sànúsí ti ṣán igbó tuntun sílẹ̀ lọ́dún náà, ó ń wá ọjọ́ tí yóò sun ún. Nígbà tí Sèlíátù gbọ́, ó lọ bá a nílé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ yìí rọlẹ̀ ná."

Sànúsí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ẹ̀rín rẹ̀ a máa kún ilé. "Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Sèlíátù, kì í ṣe ìwọ ni iná ń wá kiri ayé."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà bá mi fi orí ìyá wa ṣe é."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ó dáa. Mo gbọ́. Mi ò ní fọwọ́ kan ìṣáná títí ọyẹ́ á fi lọ."

Ó kù ọ̀la kí wọ́n ná Ọjà Olúwo ni Sèlíátù pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Kó tó sún mọ́ ọn ló ti gbóòórùn. Màjàlà, olófòófó iná oko, bà lé orí fìlà rẹ̀ méjì mẹ́ta, Sànúsí kò sì mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sun?"

Sànúsí wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dáhùn. "Igun kékeré kan ni, nísàlẹ̀ létí àbàtà. Afẹ́fẹ́ ò tilẹ̀ mi ewé kan láàárọ̀ yìí. Mo dúró tì í títí ó fi kú." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má wulẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe máa ń rí lára rẹ̀."

Sèlíátù yẹra lọ́nà fún un. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá tán, ó yà lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ló bá, tí kò tó àgbàlá ilé kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí eérú. Ó tutù. Ó fi ẹsẹ̀ tú u, ó tún dúró, ó ń fi imú wá nǹkan tí ojú rẹ̀ kò rí. Kò sí èéfín kankan. Ó lọ sílé, ó se oúnjẹ fún Bádéjọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí lẹ́nu rẹ̀ bí egungun ẹja. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ta ni wọ́n ti ń jẹun? Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ jí ṣáájú àwọn èèyàn. Ètè gbogbo ayé là. Àwọn ọkùnrin Àgọ́ ti fi ọkọ̀ kó ẹja lọ sí Ọjà Olúwo, ọ̀pọ̀ obìnrin sì bá wọn lọ. Àwọn ọmọ tó ti tó ilé-ìwé lọ sílé-ìwé, Mùlíkátù náà sì wà láàárín wọn. Àwọn arúgbó àti ọmọ wẹ́wẹ́ ló kù, àti Ọmọ́táyọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n ní kó fara balẹ̀ sílé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sèlíátù lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń ra epìyà yíyan.

"Ìyá Mùlíkátù, ẹ má bínú," ni Ọmọ́táyọ̀ wí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹja yín ò tíì jinná. Nígbà tí mo rí bí afẹ́fẹ́ yìí ṣe ń ṣe, mo da omi sí ààrò láti àárọ̀."

Sèlíátù wo ààrò náà. Eérú inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ gbá èjìká obìnrin náà. "O ṣe é re. Ẹja ò ní sá lọ."

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀yà kan bú jáde láti inú ìfefe, ó gba àárín wọn kọjá, ó sì bẹ́ sínú omi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọ́táyọ̀ pariwo, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ojú Sèlíátù. Sèlíátù ti gbójú sókè. Àwòdì ń yí lójú ọ̀run lápá ibi àbàtà, wọ́n pọ̀, wọ́n ń já wálẹ̀ ṣa kòkòrò. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà dé, kì í ṣe òórùn ewé. Òórùn ilẹ̀ tó ń jó ni.

Ó mọ ibi tó ti wá. Ṣe ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fi kan eérú lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Èéfín funfun kọ́kọ́ yọ lórí àbàtà, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń jí. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo gbá a, ó di dúdú, ahọ́n pupa sì yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ìhín dé ọ̀hún. Bádéjọ wà lóko. Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn ahọ́n yẹn.

Ẹsẹ̀ Sèlíátù ti yí sí ọ̀nà oko kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

"Ẹ máa lọ bá Bàbá Mùlíkátù," ni Ọmọ́táyọ̀ ń wí. "Ẹ máa lọ, mà á kó àwọn ọmọ."

Sèlíátù bojú wẹ̀yìn. Àwọn arúgbó jókòó síwájú ilé, wọ́n na ẹsẹ̀ sínú oòrùn. Òmíràn nínú wọn kò ríran. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sáré kiri. Ọkọ̀ tó kù létí omi kò ju méjì lọ. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò lè dá èyí ṣe. Ó dúró gbọin, ó di ọ̀já mọ́ inú. Bádéjọ lẹ́sẹ̀, ló wí nínú ara rẹ̀. Bádéjọ mọ iná. Ọlọ́run Ọba, ẹ bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kó wọn sọ́kọ̀!" ló kígbe. "Ti ọkọ̀ dé ibi tí omi ti jìn! Ẹni tó bá lè rìn, kó rìn wọnú omi!"

Ó gbé ọmọ kan lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, ó jù wọ́n sínú ọkọ̀ bí ẹni ń ju iṣu. Ó di ọwọ́ bàbá afọ́jú kan mú, ó fà á títí omi fi dé ìbàdí wọn. Ó padà. Ooru ti ń lù ú lójú báyìí, màjàlà ń rọ̀ sórí òrùlé bí òjò dúdú. Ó ku ẹnì kan: Màmá Morìnsọ́lá, ìyá ọkọ Ọmọ́táyọ̀, tó jókòó sórí àpótí nínú ilé, tó di aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi," ni màmá náà wí pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀. "Inú ilé yìí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí. Níbo ni mò ń lọ?"

Ohùn ìyá ọkọ tirẹ̀ ni Sèlíátù ń gbọ́, ohùn tí kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó gbọ́ ọ. Kò bẹ màmá náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn sí i, ó fa apá rẹ̀ méjèèjì kọjá lórí èjìká, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ. Màmá ń lù ú lórí, ó ń sunkún, ó ń bú u ní èdè Ìlàjẹ. Bí wọ́n ṣe jáde ni iná mú òrùlé tó kẹ́yìn wọn. Ọ̀pá ògùrọ̀ ń bú gbàù, gbàù, bí ìbọn ọdẹ.

Inú omi ni wọ́n wà tí Àgọ́ fi jó tán. Wọ́n rẹ aṣọ sínú omi, wọ́n dà á bo orí. Àwọn tó dúró di etí ọkọ̀ mú kí ó má baà yí dànù. Ẹyín iná ń já bọ́ yí wọn ká, ó ń dún ṣìì, ṣìì. Nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn Ọmọ́táyọ̀ dákẹ́ ẹkún lójijì, gbogbo wọn yíjú sí i. Ọmọ́táyọ̀ fi ọwọ́ tútù nù ún nímú, ó gbá a nídìí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà húkọ́, ó tún bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tí ẹkún náà kò dùn mọ́ nínú.

Lákòókò ìrun Àlàásárì, kò sí nǹkan kan mọ́ létí omi bí kò ṣe òpó dúdú. Sèlíátù dúró sínú omi, ojú ọ̀nà oko ló ń wò. Kò gbàdúrà, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ kọjá àdúrà. Ó pẹ́ kó tó rí èèyàn méjì tó ń bọ̀ nínú eérú, tí ọ̀kan gbé apá ekejì kọ́ ọrùn. Wọ́n dúdú bákan náà. Nípa ìrìn ló fi mọ Bádéjọ.

Ó sáré, ó ṣubú, ó tún sáré.

"Sànúsí ni," ni Bádéjọ wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Mo dojú bolẹ̀ láàárín ebè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Inú iná ló gbà wọlé wá fà mí jáde. Wo ọwọ́ rẹ̀."

Sèlíátù wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti bó bí èèpo iṣu tí wọ́n sun. Ó gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Sànúsí ló kọ́kọ́ gbé ojú tirẹ̀ kúrò.

Nígbà tí àwọn ará Àgọ́ ti ọjà dé tí wọ́n sì sunkún tán, Baálẹ̀ Adéyọ̀sí, olórí Ìdí-Òro, pe gbogbo èèyàn jọ síwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àjíṣafẹ́, tí iná jó oko ọ̀pẹ rẹ̀, ló kọ́kọ́ dìde.

"Kí la tún ń wá? Iná ẹja ni. Tọ̀sán tòru ni àwọn èèyàn yìí ń dáná létí omi. Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí ilẹ̀ wa kí wọ́n tó sun ìyókù."

Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ́táyọ̀ fò dìde. "Mo ti pa ààrò mi láti àárọ̀ àná! Kò sí ẹni tó dáná ní Àgọ́ lánàá. Kò sí o!"

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?" ni Àjíṣafẹ́ bi í.

Sèlíátù jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti fi ewé àti epo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń wo ilẹ̀. Sọ ọ́, ni Sèlíátù ń wí nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ kí n má baà sọ ọ́. Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì la ẹnu láti ṣe ìdájọ́. Sànúsí kò gbórí sókè.

"Èmi ni ẹlẹ́rìí rẹ̀," ni Sèlíátù wí.

Ó dìde. Ó di èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú. "Ààrò rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ kí iná tó dé, mo fojú mi rí i. Àbàtà ni iná ti wá, nísàlẹ̀ oko ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n sun igun kan níbẹ̀ níjẹta. Mo pàdé wọn. Mo lọ wò ó, eérú rẹ̀ tutù, mo sì pa ẹnu mọ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, èmi rèé."

Kúbúrá, ìyàwó Sànúsí, tutọ́ sílẹ̀. "Ẹni tó fi ọwọ́ rẹ̀ yọ ọkọ rẹ nínú iná! Ẹni tó fún ọ nílẹ̀!"

"Mo mọ̀," ni Sèlíátù wí. Omijé ti ń dà lójú rẹ̀. "Mo mọ̀, ìyàwó wa."

Bádéjọ ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Sànúsí wá dìde díẹ̀díẹ̀, láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀, nítorí kò sí ọwọ́ tí yóò fi tì í.

"Òótọ́ ló sọ," ló wí. "Mo rò pé ó ti kú. Mo dúró tì í títí. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó yíjú sí àwọn ará Àgọ́. "Ẹ má lọ síbì kan. Ògùrọ̀ mi wà lódò, ẹ gé èyí tó bá tó yín. Ẹ dárí jì mí."

Màmá Morìnsọ́lá ló dáhùn. Ó ní òun gbọ́, ó ní ẹni tó jẹ́wọ́ ni wọ́n ń dárí jì, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ilé òun ti jó. Baálẹ̀ ní iná oko di èèwọ̀ ní Ìdí-Òro títí òjò yóò fi rọ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ sun igbó lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó àwọn ará Àgọ́ létí.

Sànúsí kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kúbúrá kì í dá a lóhùn bó bá kí i. Bádéjọ bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun, ó sì pẹ́ kí ó tó padà máa pè é ní Ìyá Mùlíkátù bó ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Wọ́n jọ bá àwọn ará Àgọ́ gé ògùrọ̀, wọ́n jọ ru ú, wọ́n sì ń retí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yóò ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò lórí ilẹ̀ òun.

Ilé tuntun ti ń dìde ní Àgọ́ nígbà tí Sèlíátù mú ọkọ́, tó gba oko Sànúsí lọ láìbi ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì lè di nǹkan mú. Bí kò bá sí ẹni tó ro oko náà, kò ní sí ohun tí Kúbúrá àti àwọn ọmọ yóò jẹ. Ó ro ó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn án lórí. Nígbà tó nàró, ó rí Sànúsí tó jókòó sórí ìtì igi kan lókè, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n di wà lórí itan. Kò mọ ìgbà tó dé.

Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Sànúsí kò dáhùn. Sèlíátù padà sídìí ọkọ́.

Ó ti ro ebè kan dé ìparí, ó ti mú òmíràn, kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"O fo koríko kan sílẹ̀ lápá òsì rẹ."

Sèlíátù yíjú wò ó. Òótọ́ ni. Ó padà síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.